Bí a ṣe tún àṣẹ pín nínú áàpù ìsọ̀ obì kan ní Ṣágámù: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án

Apẹ̀rẹ̀ gbàǹja 64 ló ti Ìjẹ̀bú-Igbó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwé dẹ́rẹ́bà sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá a sọ ọ́ kalẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi mọ́, 46 ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Alhája tó ni ìsọ̀ náà pe gbogbo wa jọ síwájú sítọ́ọ̀ ní Sábó, ó bèèrè ẹni tó yí i. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó máa ń gba ọjà wọlé. Òun ni ojú gbogbo ènìyàn yí sí, nítorí òun ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà jù. Ó sunkún. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà nílé kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é padà.

Èmi ni mo kọ áàpù yẹn fún wọn ní ọdún méjì ṣáájú. Mo lọ wo inú rẹ̀ bóyá mo lè rí ọwọ́ ẹni tó yí nọ́ńbà náà. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀: admin. Òṣìṣẹ́ 14 ló ń lo kọ̀ǹpútà, orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́. Wọ́n ti kọ password rẹ̀ sára páálí, wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. N kò lè dá ọmọ yẹn láre, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Títí di òní a kò mọ ẹni tó yí i. Ohun tó dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n bẹ Alhája pé kí ó fún mi láàyè láti tú ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà rìn nínú áàpù náà palẹ̀, kí n tún un kọ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì: mo jókòó, mo ń wò

N kò fọwọ́ kan kóòdù. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, mo ra ìwé kan, mo sì ń kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe sílẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìsọ̀ obì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jókòó sí yàrá rò. Obì á ti Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Òdè-Rẹ́mọ dé, ẹnì kan á kà á. Àwọn ìyá á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ á bọ́ sọ́tọ̀. Wọ́n á fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀ kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Àwọn oníbàárà láti Òkè Ọya á wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ná an, káṣíà á gbowó, ọkọ̀ á gbé e lọ. Àbàtà kì í bá gbàǹja wọ apẹ̀rẹ̀ kan náà, nítorí oníbàárà wọn yàtọ̀, owó wọn náà yàtọ̀. Ní gbogbo ibi tí mo kà yìí, nọ́ńbà lè yí padà láìsí olè kankan: obì ń gbẹ, obì ń jẹrà, ẹni tó kà á sì lè ṣì í kà.

Ohun tí wọ́n ní àwọn ń ṣe kì í fi gbogbo ìgbà bá ohun tí mo rí mu. Mánéjà sọ fún mi pé òun nìkan ló ń fọwọ́ sí owó àwọn àgbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó lọ síbi òkú kan ní Ìpẹ̀rù, káṣíà sì ti san owó àgbẹ̀ mẹ́fà kí ó tó dé. Kò jalè o. Àwọn àgbẹ̀ wà níta, òjò ti ṣú, ọ̀nà ilé wọn jìn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá kọ ọ́ sínú áàpù pé káṣíà kò gbọ́dọ̀ sanwó láìsí mánéjà, tí n kò sì ronú ọjọ́ tí mánéjà kò ní sí nítòsí, ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé tí mánéjà fi máa fún káṣíà ní password tirẹ̀. Òfin tí iṣẹ́ kò bá lè gbà kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: páálí tẹlifíṣọ̀n

Mo la páálí tẹlifíṣọ̀n kan, mo fa ìlà sí i. Orúkọ òṣìṣẹ́ 14 wà lápá òsì, iṣẹ́ 23 wà lókè: kíkọ ọjà tó wọlé, yíyí iye owó padà, sísan owó àgbẹ̀, wíwo nọ́ńbà báǹkì àgbẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí 322 nìyẹn, tí mo ní láti fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí. Butler Lampson ti fi irú àtẹ báyìí ṣàlàyé àṣẹ inú kọ̀ǹpútà ní 1971, ó sì wúlò púpọ̀ láti fi rí ohun tó ń lọ. Àmọ́ kò ṣeé tọ́jú. Bí ẹnì kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹlòmíràn wọlé, àfi kí a tún máa kà á ní àpótí kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe ń wo páálí náà ni mo rí i pé àwọn ìlà kan jọ ara wọn. Àwọn mẹ́rin tó ń gba ọjà wọlé ní bẹ́ẹ̀ ni kan náà àti bẹ́ẹ̀ kọ́ kan náà. Ohun tí David Ferraiolo àti Richard Kuhn kọ ní 1992 ní NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlànà òṣùwọ̀n, nìyẹn: ipò iṣẹ́ ni kí a fún ní àṣẹ, kí a wá fi ènìyàn sínú ipò. Mo kó orúkọ 14 kúrò lójú páálí, mo fi ipò mẹ́fà rọ́pò: olùgbà-ọjà, sítọ́kípà, káṣíà, akántà, mánéjà, àti oníṣòwò fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Alhája, Ṣágámù ló fẹ́ ọkọ sí. Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, mo ní, "Mà, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ń wọ Ojúde Ọba, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ rí?"

Ó ní, "Aṣọ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni áàpù yìí yóò ṣe máa wo àwọn ọmọ yín. Aṣọ ni yóò kọ́kọ́ wò, kí ó tó mọ ohun tí yóò gbà kí wọ́n ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mú mi níbi tí àfiwé náà ti mẹ́hẹ. Ó ní, "Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi ò ní yí padà títí n ó fi kú. Sítọ́kípà mi lè di mánéjà lọ́la." Òótọ́ ni, ó sì ṣe mí láǹfààní. Mo kọ ọ́ sí ìlànà wa pé ẹni tó bá wọ aṣọ tuntun gbọ́dọ̀ bọ́ ti àtijọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́: ẹnì kan á yí ipò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àṣẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí bó ṣe débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ etí ìró

Ti àwọn ọmọ iṣẹ́ kò le. Ti Alhája ló le. Nínú àtẹ tuntun, ipò oníṣòwò lè wo ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò lè yí nọ́ńbà ọjà kankan. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé èmi tí mo fi owó ara mi dá ìsọ̀ yìí sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa sọ fún pé n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọjà mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó dáhùn, nítorí ìbéèrè náà tọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Gbogbo ohun tó ń lọ ní ẹ̀ka Ṣágámù àti ti Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ ó máa rí lórí fóònù yín, tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín bá lè yí nọ́ńbà tí sítọ́kípà kọ, lọ́jọ́ tí ọjà bá dín, ó lè ní ẹ̀yin lẹ yí i. Kò ní sí ohun tí a ó fi já irọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀yin náà bá sì fẹ́ mú un, kò ní ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀."

Ó dákẹ́. Ó tú etí ìró rẹ̀, níbi tó máa ń so kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ mọ́, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́. "Bí ilé bá wá ń jó ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ló bí àpòòwé. Orúkọ kan wà nínú áàpù tó lè ṣe ohun gbogbo, a kì í sì í lò ó. Mo kọ password rẹ̀ sórí bébà, a fi sínú àpòòwé, Alhája àti akántà fọwọ́ sí ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì wà nínú sééfù ilé Alhája. Ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ náà wọlé, ìkìlọ̀ á dún lórí fóònù Alhája, ti akántà, àti tèmi. Nígbà tó gbọ́ èyí ló tó mi orí.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà: kíkọ́ ọ

Django, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ áàpù, àti PostgreSQL, database tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ni áàpù náà ń lò. Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ní, Django á fún yín ní àṣẹ mẹ́rin: ṣíṣe tuntun, yíyí padà, píparẹ́ àti wíwò. Wíwò ló dé kẹ́yìn, ní 2018. Àṣẹ mẹ́rin yìí kò tó mi. Yíyí nọ́ńbà fóònù àgbẹ̀ padà àti yíyí iye owó apẹ̀rẹ̀ gbàǹja padà, abẹ́ àṣẹ kan náà ni méjèèjì bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ìkejì lè kó ìsọ̀ wọ gbèsè. Mo kọ àṣẹ tèmi kún un, tí orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ ń ṣe ní ti gidi.

Òfin méjì ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀. Èkíní ni pé ohun tí a kò bá fún ènìyàn, kò ní in. Bí mo bá kọ ojúewé tuntun tí mo gbàgbé láti sọ ẹni tó lè ṣí i, kí ó tì mọ́ gbogbo ènìyàn lójú, títí dé èmi. Jerome Saltzer àti Michael Schroeder ti ka èyí mọ́ àwọn ìlànà ààbò kọ̀ǹpútà láti 1975, pẹ̀lú èyí tó ní kí a má fún ẹnikẹ́ni ju àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ lọ. Èkejì ni pé ẹni tó kọ ìwé owó kan kò lè fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹ kíyè sí i pé ìwé náà ni mo sọ. Bí mánéjà bá bá wọn gba ọjà wọlé lọ́jọ́ kan tí èèyàn kò pé, owó ọjà tó fúnra rẹ̀ gbà, akántà ló máa fọwọ́ sí i. Owó tó bá sì ju ₦500,000 lọ, ọwọ́ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo wọlé bí olùgbà-ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó láti dán an wò. Bọ́tìnnì ìsanwó kò hàn. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà mo yí nọ́ńbà tó wà ní ìparí àdírẹ́sì ojúewé náà láti 118 sí 119, ìwé owó àgbẹ̀ Ṣágámù kan sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, tòun ti nọ́ńbà báǹkì rẹ̀. Mo ti fi bọ́tìnnì pamọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Irú àléébù yìí ni OWASP, àjọ tó ń to àwọn ewu áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì, fi sí ipò kìíní nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ ti 2021, lẹ́yìn tó ti wà ní ipò karùn-ún ní 2017. Kò yà mí lẹ́nu. Ojú ni gbogbo wa fi ń dán iṣẹ́ wa wò, ohun tí ojú kò bá rí, a máa ń rò pé kò sí níbẹ̀ ni. Sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá áàpù lóhùn, ni kí ó máa bèèrè "ta ni ọ́, ẹ̀ka wo lo ti wá?" ní gbogbo ìgbà, ì báà jẹ́ pé bọ́tìnnì hàn tàbí kò hàn.

Mo tún gbogbo ibi tó ń mú ìwé jáde kọ, kí ó máa fi ẹ̀ka òṣìṣẹ́ yọ ọ́. Ọkàn mi kò sì balẹ̀ síbẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan n ó gbàgbé ibì kan. Nítorí náà mo fi ìṣọ́ kejì sínú database fúnra rẹ̀. Láti ẹ̀dà 9.5, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, PostgreSQL lè mọ ìlà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí nínú tábìlì (àtẹ àkọsílẹ̀) kan. Mo kọ òfin náà, mo dán an wò, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó gbà mí ní odidi ọ̀sán kí n tó rí i: orúkọ tí áàpù fi ń wọ database náà ló ni àwọn tábìlì, òfin yìí kì í sì í mú ẹni tó ni tábìlì, àfi bí a bá pa á láṣẹ fún un pẹ̀lú FORCE ROW LEVEL SECURITY. Mo dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún áàpù, orúkọ tí kò ni ohunkóhun, mo sì fún un ní ìwọ̀nba tó nílò.

Ìṣòro kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣọ́ra fún gan-an. Áàpù máa ń sọ ẹ̀ka òṣìṣẹ́ fún database kí ó tó bèèrè ohunkóhun. Àmọ́ ìsopọ̀ kan náà ni òṣìṣẹ́ kan ń lò tán tí ẹlòmíràn ń gbà. Èmi sọ ẹ̀ka náà lọ́nà tó fi wà lára ìsopọ̀ lẹ́yìn tí ẹni àkọ́kọ́ ti lọ, ẹni Ìjẹ̀bú-Igbó sì bá ara rẹ̀ nínú ìwé Ṣágámù fún ìgbà díẹ̀. Ojú ìdánwò la wà, a dúpẹ́. SET LOCAL, nínú transaction (ìdìpọ̀ iṣẹ́ kan tí database ń ṣe parí lẹ́ẹ̀kan náà), ló yẹ kí n lò, kí ọ̀rọ̀ náà parẹ́ bí transaction náà bá ti parí.

Ìwé ìrántí ló kù. Gbogbo ìyípadà ló ń kọ orúkọ, àkókò, nọ́ńbà àtijọ́, nọ́ńbà tuntun, àti ìdí. Mo gba àṣẹ yíyí padà àti píparẹ́ lórí tábìlì náà kúrò lọ́wọ́ áàpù pẹ̀lú REVOKE: ó lè kọ sí i, kò lè pa á rẹ́. Àṣìṣe náà kò ṣeé parẹ́ mọ́. Ìlà tuntun la fi ń tún un ṣe, bí àwọn akántà ti ń ṣe é nínú ìwé lẹ́jà.

Ọ̀sẹ̀ keje: password, PIN àti aago

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní sítọ́ọ̀ Ṣágámù. Ọwọ́ àwọn ọmọ máa ń ní oje obì, wọ́n á tẹ nǹkan kan, wọ́n á sáré padà sídìí ọkọ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n máa tẹ password gígùn ní gbogbo ìgbà, ẹnì kan ló máa wọlé láàárọ̀ fún gbogbo wọn, a ó sì padà sídìí admin. Ohun tí a ṣe ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń tẹ password rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, PIN oní-nọ́ńbà mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló fi ń gbà á lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ó ń ti ara rẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá kọjá láìsí ọwọ́ kankan. Bí wọ́n bá ṣi PIN tẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, àfi password. Argon2, tó gba ipò kìíní nínú ìdíje ìpamọ́ password ní 2015, ni mo fi ń dì wọ́n. N kò sì fi dandan lé e pé kí wọ́n máa yí password lóṣooṣù. NIST fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé ní 2017 pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi bí a bá rí àmì pé ó ti já sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Akántà, mánéjà àti Alhája ní láti fi nọ́ńbà mẹ́fà orí fóònù kún un, èyí tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30. Mo fẹ́ràn èyí ju ti àtẹ̀jíṣẹ́ lọ, nítorí kò nílò nẹ́tíwọ̀kì rárá. Aago fóònù ló fi ń ṣírò. Lọ́jọ́ kejì, ti Alhája kò ṣiṣẹ́. Mo yẹ áàpù wò, mo yẹ sáfà wò. Bátìrì fóònù rẹ̀ ló ti kú lóru, nígbà tó tàn án padà, aago rẹ̀ ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn. A tún aago ṣe, ó wọlé.

Nọ́ńbà báǹkì àwọn àgbẹ̀ kì í hàn mọ́, àfi fún káṣíà, akántà àti Alhája. Àwọn yòókù ń rí nọ́ńbà mẹ́rin ìparí. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 kan ìsọ̀ obì pẹ̀lú. Bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá jò tó sì lè pa onítọ̀hún lára, wákàtí 72 la ní láti fi tó Kọmíṣọ̀n ìjọba tó ń rí sí òfin náà létí. Akántà ni a fi ojúṣe yẹn lé lọ́wọ́, ó sì wà nínú ìwé ìlànà.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ àti ìkẹsàn-án

A ya páálí ara ògiri lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, NEPA mú iná lọ láago mẹ́sàn-án, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti dìde, gbogbo iṣẹ́ sì lọ sínú ìwé títí di ọ̀sán. Nígbà tí iná dé, olùgbà-ọjà kọ̀ọ̀kan tẹ tirẹ̀ wọlé lórúkọ ara rẹ̀, kò ju ìdajì wákàtí lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ mánéjà tún ní òde ní Ìṣarà. Ó fún akántà ní àṣẹ ìfọwọ́sí fún wákàtí 24 láti orí fóònù rẹ̀, áàpù gbà á padà fúnra rẹ̀ nígbà tí àkókò tó. Kò sẹ́ni tó bèèrè password ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, apẹ̀rẹ̀ 38 ló ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé. Nígbà tí Alhája wo fóònù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, 31 ló rí. Mo wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan nọ́ńbà náà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ṣí: ọmọkùnrin tó sunkún lọ́jọ́sí ló dín in láago 4:12, ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò ti jẹ méje, mánéjà fọwọ́ sí i láago 4:20. Alhája dìde, ó bá ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ lọ, ó ka apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Méje ni. Ó kó obì kan, ó là á, ó wo ihò kòkòrò inú rẹ̀, ó sì jù ú nù.

Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ń wò ó. Nígbà tí Alhája ti wọ mọ́tò, ó wá bá mi, ó rọra bèèrè pé, "Bọ̀dá, ohun tí mo bá kọ síbẹ̀, ṣé kò sẹ́lòmíì tó lè fi orúkọ mi yí i?"

Mo ní kò sí.

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ PIN rẹ̀, ọkọ̀ Òdè-Rẹ́mọ sì ń wọlé.